Ohun Tí Itọ́ Mi Sọ

Ẹ̀gbọ́n mi Àbẹ̀kẹ́,

Ìbéèrè kan ni kò jẹ́ kí n sùn: bí ẹnu ènìyàn bá ní àlàáfíà ni, tí itọ́ inú ẹnu náà ní irọ́ ni, èwo ni ká gbà gbọ́?

Mo kí yín, mo kí ọkọ yín àti àwọn ọmọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru Ìyá wa l'Ógbòmọ̀ṣọ́ ti wálẹ̀. Owó tí ẹ fi ránṣẹ́ ni Ishaq ọmọ mi fi wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga n'Ílọrin. Èmi nìkan ló kù nínú yàrá.

Àwọn olùwádìí kan wá wọn wàhálà ọkàn nílé iṣẹ́ bisikíìtì wa ní Àgídìngbì. Gbogbo ohun tí wọ́n bi wá, "A dúpẹ́" la fi dáhùn. Bísí tí a jọ ń ṣiṣẹ́ tilẹ̀ ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé kí n fi ẹnu ara mi pe àìsàn wálé ni?" Wọ́n wá gba itọ́ wa lọ yẹ̀ wò, wọ́n ní wàhálà ọkàn a máa hàn níbẹ̀.

Lánàá, Jemimah, ọ̀kan nínú wọn, pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Mọ́mì, itọ́ yín ní ara yín kì í sinmi. Ta lẹ máa ń bá sọ̀rọ̀?"

Mo ní, "A dúpẹ́."

N kò mọ̀ bóyá itọ́ lè dá ẹni tí kò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀ mọ̀. Ó lè jẹ́ ooru ẹ̀rọ ló rí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá pè lọ́jọ́ Jímọ̀, "A dúpẹ́" náà ni mo máa sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ Ishaq. Ẹ tún bi mí bí mo ṣe wà.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín nínú òtútù ìlú òyìnbó yẹn. Ilẹ̀ ti mọ́. Mo ti pa àtùpà.

Àbúrò yín,
Uswat