Ẹṣin Ara Báàjì

Sátidé, 9 Nọ̀fẹ́ńbà 1968

Mo ti ra ẹ̀rọ ìlọta, èmi tí mi ò kọjá kíláàsì kejì.

Dókítà òyìnbó tí mo máa ń bá tún kẹ̀kẹ́ ṣe ló là mí lójú. Ẹṣin ló wà lára báàjì ẹgbẹ́ ológun tó wà nílùú wọn lọ́hùn-ún. Tíṣà àti oníṣòwò ló ń yọ̀ǹda ara wọn síbẹ̀. Ẹṣin ni wọ́n kọ́kọ́ ń gùn. Ìjọba wọn gba ẹṣin, ó fún wọn ní kẹ̀kẹ́, lẹ́yìn náà ìbọn tó ń já ọkọ̀ òfuurufú bọ́, wáyálẹ́ẹ̀sì tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ ló kù lọ́wọ́ wọn báyìí. Síbẹ̀ wọn ò yọ ẹṣin kúrò lára báàjì. Ẹnu yà mí títí mo fi délé.

Ìyàwó mi ní, "Bàbá Ìbejì, kẹ̀kẹ́ ni wọ́n mọ̀ yín mọ́. Ta ló máa gbé ata wá lọ̀ lọ́dọ̀ yín?"

Mo ní bí àwọn ológun yẹn ò ṣe yọ ẹṣin wọn, èmi náà ò ní pa kẹ̀kẹ́ ara sáínbọ́ọ̀dù mi rẹ́.

Ọgbọ̀n pọ́n-ùn ló kù tí màá san lórí ẹ̀rọ náà, kó tó di Kérésìmesì.