Ewé Tí Ẹ Pè Ní Kókò

Ẹ kú ilé o, Màámi. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà tí mo fi ń kí yín, bí inú tiẹ̀ ń bí mi. Mo kí Bàámi. Ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ńkọ́? Mo kí Àǹtí Fúnmi, ẹ̀gbọ́n mi, tí mo mọ̀ pé òun ni yóò kọ́kọ́ ka lẹ́tà yìí kó tó dé ọwọ́ yín. Mo kí gbogbo ará ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, títí kan àwọn tí ẹ pè sí pálọ̀ Bàámi lọ́jọ́ Ìsinmi láti wá dá ẹjọ́ mi nígbà tí èmi ò sí níbẹ̀. Gbangba ni wọ́n ti pè mí ní ìyá tí kò mọ ọmọ tọ́jú. Ìdí tí mo fi kọ èyí ní gbangba nìyẹn, kí àwọn tó gbọ́ tọ̀hún gbọ́ tèmi náà.

Ọkọ mi ni ẹ kọ́kọ́ pè. Ó dé láti ibi iṣẹ́, ó jẹun tán, ó wá ń fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún mi pé ilé ti pinnu kí n já Tèmídire lẹ́nu ọmú, pé Àǹtí Fúnmi ń bọ̀ wá mú un níparí oṣù, kó máa gbé lọ́dọ̀ yín títí yóò fi gbọ́n. Ọmọ oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó ní ire ni ẹ ń rò fún wa. Mo bi í pé kí ni òun fi dá yín lóhùn. Ó ní òun sọ pé òun máa bá mi sọ ọ́.

Nítorí ewé kan. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ewé.

Nígbà tí wọ́n gbé ọkọ mi wá sí Enugu, tí a gba ilé sí Trans-Ekulu, ẹ rántí pé ẹkún ni mo fi ń pè yín. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì la wà, sìmẹ́ńtì ni gbogbo ilẹ̀, mi ò mọ ẹnì kankan, èdè wọn ò yé mi, ọyẹ́ ń gbá eruku pupa wọlé, Tèmídire ń wúkọ́. Ẹ̀yin lẹ ní kí n máa gbin nǹkan, pé ẹni tó bá ní ohun tó ń bomi rin kì í dá wà. Mo gbọ́ràn. Mo fi ìṣó gbígbóná lu ìdí ike kọ́sítáàdì, mo da òkúta wẹ́wẹ́ sísàlẹ̀ rẹ̀ kí omi má bàa dúró. Mo ra ìgbẹ́ ewúrẹ́ gbígbẹ ní ọjà Gariki, mo gbé e lé itan nínú bọ́ọ̀sì, gbogbo èrò ń dimú. Efínrín hù. Ewúro hù. Ewé tíì tí mo kọ́kọ́ kì bọ inú ife omi ta gbòǹgbò funfun láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Mo kọ́ ọ pé bí a ò bá já òdòdó orí efínrín, igi ni yóò dà, ewé rẹ̀ á máa kéré sí i. Pé oòrùn àárọ̀ ló fẹ́, tọ̀sán á jó o gbẹ nínú ike.

Efínrín yẹn ló bá mi wá ẹni. Mama Chidera tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí tiwa kan ilẹ̀kùn lọ́jọ́ kan, ó ní òun ń gbóòórùn nchanwu, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe efínrín níbí, pé iṣu òun wà lórí iná, kò sí ewé. Mo já díẹ̀ fún un. Ó fi pijin bú mi pé kí ló dé tí mo ń ṣọ́ ewé bí ẹni ń ṣọ́ ẹyin, pé èyí tí a kì í já ló máa ń kú. Bí a ṣe di ọ̀rẹ́ nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá kan níbi iṣẹ́ ọkọ mi, tí wọ́n gbé lọ sí ìlú mìíràn, fún wa ní òdòdó inú ìkòkò kan. Ewé rẹ̀ gbòòrò, ó sì ní funfun káàkiri ara. Mo gbé e sí pálọ̀. Lọ́jọ́ tí a ń ríra lórí fóònù, ẹ rí i lẹ́yìn mi, Màámi. Ẹ ní kí n gbé fóònù sún mọ́ ọn. Ẹ ní kókò ni. Ẹ rẹ́rìn-ín pé àwọn ará ọ́fíìsì ń fi oúnjẹ ṣe ẹ̀ṣọ́, ẹ ní kí n já èyí tó rọ̀ níbẹ̀ kí n fi se ọbẹ̀, pé bẹ́ẹ̀ ni ìyá yín máa ń ṣe nígbà tí ẹ̀fọ́ bá wọ́n. Àǹtí Fúnmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Òun ló tún ní kí n fi irú sí i dáadáa, kí n má se ọbẹ̀ ará Enugu fún ọkọ mi.

Mi ò ráyè sè é. Ọlọ́run ló kó wa yọ. Ṣùgbọ́n nítorí pé ẹ pè é ní oúnjẹ, mi ò ka á sí ohun ẹ̀rù. Mo gbé e sílẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé kí oòrùn lè kàn án. Èmi náà mọ̀ pé kókò tútù ń yúnni lọ́fun. Ó yẹ kí n gbé e sókè. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, mi ò sá fún un.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo ń fọṣọ lọ́wọ́, mo gbọ́ tí Tèmídire ké lẹ́ẹ̀kan, igbe náà sì gé. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, itọ́ ń dà, ètè àti ahọ́n rẹ̀ ti ń wú, ó ń sunkún ṣùgbọ́n ohùn ò jáde. Màámi, ẹ ò tíì rí ọmọ tó ń sunkún láìlóhùn. Mo yọ ewé tó kù lẹ́nu rẹ̀, mo fi aṣọ tútù nù ún, mo pariwo. Mama Chidera sáré wọlé láìwọ bàtà. Òun ló já ewé náà sínú ọ̀rá, òun ló gbé ọmọ, èmi ń sáré tẹ̀ lé e. Nílé ìwòsàn, ohun tí dókítà kọ́kọ́ béèrè ni ohun tí ọmọ jẹ. Mo fẹ́ sọ pé kókò. Mama Chidera na ọ̀rá sí i. Dókítà ní kókò kọ́ o, pé oje òdòdó yìí ló ń jóni lẹ́nu bẹ́ẹ̀, pé ká ní a ti sè é ni, gbogbo ilé ni ì bá wà lórí ibùsùn. Wọ́n ń fún un ní omi tútù díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń ṣọ́ èémí rẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí ohùn rẹ̀ padà, mmiri ló ní òun fẹ́, ìyẹn omi, bí Mama Chidera ṣe kọ́ ọ.

Lọ́jọ́ kejì, mo pè yín, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ẹ ní kí Ọlọ́run ṣàánú wa. Mo rò pé ó ti yé yín.

Kí ni mo wá gbọ́ pé wọ́n sọ ní pálọ̀ Bàámi? Àǹtí Fúnmi ní àgbo ni mo ń rọ fún ọmọ. Ó ní ará Igbo kan ló fún mi ní ewé burúkú. Ó ní ẹni tí ìwé rẹ̀ ò kọjá ilé ẹ̀kọ́ girama ti sọ ara rẹ̀ di dókítà ewé. Ti ìwé yẹn, mo gbà, mi ò wọ yunifásítì, mi ò sì fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé ọmọ mi sáré láìwọ bàtà ni wọ́n ń pè ní ìkà, ẹ sì wà níbẹ̀. Ẹ mọ ẹni tó pe ewé náà ní kókò. Ẹ dákẹ́.

Ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn. Ta ni kò lè ṣi ewé mọ̀ lójú fóònù? Èmi tí mò ń gbé pẹ̀lú rẹ̀ ò mọ̀ ọ́n. Mi ò bá yín jà nítorí àṣìṣe. Dídákẹ́ yín ló dùn mí, tí ẹ jẹ́ kí wọ́n fi àṣìṣe gbogbo wa gba ọmọ lọ́wọ́ èmi nìkan.

Ọkọ mi ní kí n kó gbogbo ike náà dànù kí ariwo lè tán. Mo ní rárá. Òdòdó yẹn nìkan ni mo fi ọ̀rá bọ ọwọ́ fà tu, mo dì í, mo gbé e fún akólẹ̀. Àwọn yòókù wà lórí pátákó tí káfíńtà kàn mọ́ fàráńdà, ó ga dé àyà mi. Mo sì ti kó ewé gbogbo wọn, kódà efínrín tí ọmọdé mọ̀, lọ bá bàbá tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì. Ó fọwọ́ ra ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó gbóòórùn rẹ̀, ó dárúkọ rẹ̀ fún mi. Láti ìsinsìnyí, ewé tí ẹni tó mọ̀ ọ́n kò bá tíì fọwọ́ kàn kò ní wọ ilé mi, ì báà jẹ́ ìyá mi ló pè é ní oúnjẹ.

Tèmídire ò ní wá. Kí Àǹtí Fúnmi má wulẹ̀ wọkọ̀. Bó bá dé, màá fún un lóúnjẹ, màá tẹ́ ibùsùn fún un, yóò sì padà lọ́wọ́ òfo. Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ fún ọkọ mi. Ó wojú mi, ó ní òun ti gbọ́.

Ẹ̀yin gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ wá, Màámi. Ọmọ yìí fẹ́ mọ ìyá àgbà rẹ̀, èmi náà sì ń ṣàárò yín débi pé ó ń dùn mí láyà. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó di ẹrù, ẹ pe àwọn ènìyàn yẹn padà. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀yin lẹ pè é ní kókò, èmi ni mo gbé e sílẹ̀, Mama Chidera ló gbé ọmọ dé ilé ìwòsàn. Bí ẹ ò bá tíì lè sọ ọ́, ẹ jẹ́ kí ìrìnàjò náà dúró ná.

Ọlọ́run yóò fún Bàámi lẹ́sẹ̀ líle. Ẹ ó pẹ́ fún wa, a ò ní fi ẹkún pe ara wa mọ́. Ẹ bá mi kí ará ilé, ará ìjọ, àti Àǹtí Fúnmi.

Èmi ni ọmọ yín, tí èmi náà ti di ìyá ọmọ,
Ìyá Tèmídire