Òdòdó Lukman Tí Wọ́n Fi Òrí Pa

                                        Ojúlé Kẹsàn-án,
                                        Àdúgbò Ìdí-Ọ̀rọ̀,
                                        Ìfọ̀,
                                        Ìpínlẹ̀ Ògùn.
                                        Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kìíní, ọdún 2025.

Fàsílátù, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Jọ́ọ̀sì lọ́hùn-ún? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé orúnkún tó ń dùn wọ́n ti rọlẹ̀? Mo kí Ọmọlabí kú ìmúrasílẹ̀ ìdánwò. Ara tèmi le, àmọ́ inú ń bí mi débi pé n kò lè sọ ọ́ lórí fóònù. Ẹkún ni yóò dà.

O rántí òdòdó ọ́kíìdì tí Lukman ọkọ mi rà fún mi kó tó kú. Láti ìgbà tó ti rà á, kò tanná mọ́, ewé nìkan ló ń yọ. Mo wádìí rẹ̀ dáadáa: bí ilé bá gbóná ju dígírì méjìdínlọ́gbọ̀n lọ tọ̀sán-tòru, kò ní í tanná. Òru tútù ló fẹ́, bíi dígírì méjìdínlógún, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ní Ìfọ̀ wa yìí, ìgbà ọyẹ́ nìkan la lè rí nǹkan tó sún mọ́ ọn. Bí ọyẹ́ ṣe dé, mo gbé e sẹ́bàá fèrèsé pálọ̀, mo sì ń ṣí fèrèsé sílẹ̀ lálaalẹ́. Fàsílá, ó gbọ́! Ọ̀pá òdòdó yọrí lábẹ́ ewé, kò ju ìka ọmọ ọwọ́ lọ.

Ni mo bá lọ kí Morádéyọ̀ ọmọ mi ní Abẹ́òkúta. Ìyá Mùíbì, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ló wá láti Ọbáfẹ́mi wá bá mi ṣọ́lé. Nígbà tí mo dé, gbogbo fèrèsé ló wà ní títì. Òdòdó mi wà ní kíṣìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdògán tí èédú ń pọ́n nínú rẹ̀. Wọ́n ti fi òrí pa ewé rẹ̀ tinú-tẹ̀yìn, bí ẹni ń pa ọmọ lára. Ọ̀pá òdòdó náà ti gbẹ.

"Ìyàwó, o ò tiẹ̀ láàánú," ni wọ́n fi pàdé mi. "Ọyẹ́ tó ń la gìgísẹ̀ àgbà, igi àbúrò mi lo gbé síwájú rẹ̀! Wo bó ṣe ń dán báyìí."

Mo ní, "Màmá, òtútù yẹn ló ń mú un tanná o."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Òtútù wo? Ẹ̀yin alákọ̀wé yìí! O ò kúkú gbé e sínú fíríìjì?"

Ẹyin lohùn. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Mo wọ yàrá, mo lu ìrọ̀rí ní ẹ̀ṣẹ́ títí apá fi ro mí. Bó bá ṣe àbúrò mi ló dán an wò ni, ariwo mi ìbá dé Ajuwọ̀n. Mo mọ̀ pé àwọn náà ń ṣọ̀fọ̀ Lukman. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú jù: wọn ò jẹ́ kí n rí ẹni bínú sí.

Mo ti fi aṣọ rírọ̀ àti ọṣẹ nu òrí náà kúrò. Ewé ṣì wà láàyè, ṣùgbọ́n ọyẹ́ ń ká lọ níbí. Zubair, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ń bọ̀ ní Jọ́ọ̀sì lọ́jọ́ Sátidé. Yóò gbé e wá fún ọ, torí òtútù kì í tán lọ́dọ̀ yín. Inú ilé ni kí o gbé e sí, nítòsí fèrèsé, kí afẹ́fẹ́ òru máa dé ibẹ̀. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ohunkóhun pa á. Bí ó bá tanná, má fi ránṣẹ́ padà. Títì á gbọ̀n ọ́n dànù. Èmi ni n ó wọkọ̀ wá. Rò ó wò, Fàsílá: òdòdó tí ọkọ mi rà fún mi, ilé ẹlòmíràn ni n ó ti lọ wò ó, nítorí pé mo bọ̀wọ̀ fún àgbà.

Bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí inú rẹ̀ kò tíì rọ̀,
Nurat.