Ilẹ̀ Tí Yóò Gbé Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì

Ajé, 3 Oṣù Kejì, 2025
Ọ̀gbẹ́ni Dára, ẹni tó ń yẹ ilẹ̀ wò, dé sí Ìkọ̀lé láàárọ̀. Oníhò ni n ó máa pè é níbí. Ó ní kí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà mẹ́rin tí mo fẹ́ kọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó lè dúró, àfi kí òun gbẹ́ ihò mẹ́rin. Mo ní méjì tó. A parí ẹ̀ sí mẹ́ta. Ilẹ̀ tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé amọ̀ tí Bàbá mi fi sílẹ̀ ni. Ilé yẹn kò ní kúrò — ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí.

Ìṣẹ́gun, 4
Ihò kìíní: ẹsẹ̀ mẹ́fà, ilẹ̀ pupa, ó le. Ìkejì: ẹsẹ̀ mẹ́rìnlá, ó ṣì rọ̀. Eérú. Àpáàdì. Egungun ewúrẹ́. Ìkẹta bákan náà. Oníhò ní, "Bàbá, ẹ ò sọ fún mi pé ààtàn nibí." Èmi náà ò mọ̀. Bọ́ọ̀lù là ń gbá níbẹ̀.

Ọjọ́rú, 5
Mo wọn apá tó le nínú ilẹ̀ náà lẹ́ẹ̀mẹta. Kò tóbi sí i.

Ẹtì, 7
Mo lọ bá ẹ̀gbọ́n mi, Abọ́sẹ̀dé, ní Ààyè. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé iṣu tó ń bẹ sílẹ̀. "Joshua, níbo lo rò pé wọ́n ti rí amọ̀ ulé Bàbá?" Àwọn ọlọ́wẹ̀ ló gbẹ́ ẹ níbẹ̀, wọ́n fẹsẹ̀ pò ó, òun ló ń pọnmi, Màmá ń gúnyán. Ìpele ògiri kan, ọjọ́ márùn-ún kó gbẹ. Kòtò wá di ààtàn. Ọdún mọ́kànlá kó tó kún — ọdún tó kún náà ni wọ́n bí mi. A sọ̀rọ̀ òórùn ògiri yẹn nígbà òjò àkọ́rọ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ohun tó gbé mi wá.

Ajé, 10
Oníhò ní ọ̀nà méjì ló wà. Ká ri òpó kọnkéré gba inú eérú kọjá dé orí àpáta: iye owó rẹ̀ ju ti pẹ̀tẹ́ẹ̀sì fúnra rẹ̀ lọ. Tàbí ká kọ́ ọ sórí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò gbẹ́ rí. Abẹ́ ilé Bàbá nìyẹn. Mo ṣírò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo jẹun tán, mo tún un ṣírò.

Àìkú, 16
Ẹ̀gbọ́n wá lẹ́yìn ìsìn. Ó wọ yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ń fọwọ́ kan ògiri. Mo rò pé yóò bá mi jà. Ó ní, "Wó o. Má ṣáà jẹ́ kó ṣojú mi."

Ọjọ́bọ̀, 20
Katapílà wó o. Ìṣẹ́jú méjìlélógún. Oníhò gbẹ́ ihò síbi tí yàrá Màmá wà: ẹsẹ̀ márùn-ún, ilẹ̀ pupa, kò lábàwọ́n kankan. Ó ní èyí yóò gbé àjà mẹ́rin. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bá yíjú padà síbi tí ilẹ̀kùn wà tẹ́lẹ̀, kí n wọlé lọ jókòó.