Ẹ̀rí Tí Mo Jẹ́ Lórí Ẹ̀rọ Ọládélé

Ojúlé Kẹrìnlá,
Òpópónà Olúṣẹ̀yẹ,
Mowe,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà, ọdún 2025.

Àbúrò mi Ìbíwùnmí,

Mo kí ọ. Mo kí ọkọ rẹ. Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti sàn? Mo kí àwọn ọmọ àti àwọn ọmọ wọn. Ara tèmi le. Ìròyìn tí o gbọ́ ní Ifọ̀ ni mo fẹ́ tún ṣe kí n tó sọ ohun mìíràn.

Èmi kọ́ ni mo pe ọmọ mi lẹ́jọ́. Qudrah, obìnrin tí ń gbálẹ̀ ní ilé iṣẹ́ kan ní Ibafo, ni ó pe ilé iṣẹ́ náà lẹ́jọ́. Ọládélé ọmọ mi ni ó ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dá ojú òṣìṣẹ́ mọ̀ níbẹ̀. N kò dákú ní kóòtù. N kò ṣépè fún ẹnikẹ́ni. N kò sì lọ síbẹ̀ láti gbè sẹ́yìn Qudrah: nítorí ọmọ mi ni mo ṣe lọ, ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni mo jókòó sí.

Obìnrin kan tó kọ àbàjà ni ó jí páálí aṣọ gbé níbẹ̀. Ẹ̀rọ wo àwòrán rẹ̀, ó ní Qudrah ni, nítorí pé Qudrah náà kọ àbàjà. Qudrah ní ilé ni òun wà lọ́jọ́ náà. Wọn kò gbọ́. Wọ́n gbé páálí òfìfo lé e lórí, wọ́n sì mú un dúró sí ẹnu géètì láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ kí gbogbo Ibafo lè rí i. Lẹ́yìn náà ni wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́. Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n fi ń pè é ní olè kí ẹjọ́ tó dé iwájú adájọ́.

Bólúwadúró, lọ́yà ilé iṣẹ́ náà, kò ní àánú. Ó bi Qudrah pé, "Màdáámù, ẹgbẹ̀rún ojú ló ń kọjá níwájú ẹ̀rọ yìí. Bí dígí bá fi ojú yín hàn yín, ṣé dígí ló burú?" Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ó kan Hameedah, lọ́yà Qudrah, ó dojú kọ ọmọ mi. Ó ní nínú gbogbo fọ́tò tó fi kọ́ ẹ̀rọ náà, kò sí ojú kan tó kọlà.

"N kò rí ẹni tó kọlà ni, mà."

"Ní Mowe? Ní Ifọ̀? Ẹ ò ní ìyá ni?"

"Ìyá mi kì í fẹ́ kí wọ́n ya òun ní fọ́tò."

Ó mọ̀ pé mo wà lẹ́yìn òun. Kò bojú wẹ̀yìn. Hameedah wò mí, ó rí àbàjà mi, ó sì bẹ adájọ́ pé kí n bọ́ síwájú. Bólúwadúró ta kò ó. Adájọ́ gbà fún un.

Wọ́n mú mi dúró níwájú ẹ̀rọ. Orúkọ tó gbé jáde ni Qudrah Zubair. Ẹnì kan lẹ́yìn ní, "Olè ti di méjì o." Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni mí, mo sì fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kọ́ni.

Hameedah bi mí bóyá lóòótọ́ ni n kì í fẹ́ ya fọ́tò. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi bọ́. Wọ́n ní ẹni tó bí ọmọ ọ̀ràn ni yóò pọ̀n ọ́n; lọ́jọ́ yẹn, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Mo ní mo fún un ní fọ́tò mẹ́ta, ó sì dá wọn padà, ó ní ojú mi yóò ba iṣẹ́ òun jẹ́. Hameedah bi mí ní ìgbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ nípa Qudrah. Mo ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n mú un dúró sí géètì ni.

Adájọ́ dá Qudrah láre. Wọ́n ti tú ẹ̀rọ náà kúrò lógiri. Ilé iṣẹ́ méjì ní Asese sì ti dá tiwọn padà fún Ọládélé. Kò tíì wọ ilé mi láti ọjọ́ náà.

Mo lọ kí Qudrah kú oríire níta. Ó kúnlẹ̀ fún mi, nítorí pé ó ní ẹ̀kọ́, orí ìkúnlẹ̀ náà ni ó sì ti sọ ọ́ pé, "Màmá, ẹ mọ̀. Oṣù mẹ́jọ lẹ fi mọ̀."

Bá mi kí Hàkímù aládùúgbò yín àti ìyàwó rẹ̀. Bí wọ́n bá tún dárúkọ mi ní Ifọ̀, ka lẹ́tà yìí sí wọn létí. Ṣùgbọ́n ìdí tí mo fi dákẹ́ fún oṣù mẹ́jọ, n kò sọ ọ́ ní kóòtù, n kò sì ní sọ ọ́ fún ìwọ náà. Má bi mí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Adéyẹ́misí.