Òdòdó Òkú fún Rumen Tó Wà Láàyè

Ojúlé Kẹsàn-án, Àdúgbò Afárá,
Sevlievo, Bulgaria.
14 Oṣù Kẹwàá, 2019.

Vasilka, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Rumen ọmọ mi kò kú o. Bí o bá rí àwòrán rẹ̀ nínú ìkéde òkú tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ibùdókọ̀ yín, má sunkún. Ohun tó ń já mi láyà ni pé ó fẹ́ padà sórí òrùlé.

Orúnkún tó ń dùn ọ́ ńkọ́? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Mo mọ̀ pé ẹ ti ń yan tàtàṣé ìgbà òtútù. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú èéfín.

Níbi tí Rumen ti ń pààrọ̀ òrùlé onílé ló ti já bọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kán. Iṣẹ́ ojúmọ́ ni. Ọ̀gá kò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìdójútòfò, ilé ìwòsàn sì ní kí á fọwọ́ ara wa san owó iṣẹ́ abẹ. Asen tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ gbé fìlà káàkiri láti fi gba owó ìrànwọ́, kò rí nǹkan gidi. Ó ní aráyé kì í dáwó fún ẹsẹ̀, òkú ni wọ́n ń dáwó fún. Kí n tó mọ̀, ó ti lẹ ìkéde ikú Rumen mọ́ gbogbo òpó iná.

Ni èèyàn bá ń wọlé pẹ̀lú àpòòwé owó àti òdòdó tí iye rẹ̀ pé méjì-méjì, bí a ti ń ṣe fún òkú níbí. Rumen fúnra rẹ̀ ló ń ṣílẹ̀kùn, ọ̀pá lábẹ́ abíyá. Bàbá Kolyo aládùúgbò wa wò ó títí, ó fa ọ̀kan yọ nínú òdòdó mẹ́rin, ó wá na mẹ́ta sí i, nítorí iye tí kò pé méjì-méjì ni ti alààyè.

Bàbá ní, "Àmọ́ owó òkú ni mo mú wá. Ìwọ tí o kò kú, kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Ẹ jẹ́ n fi tọ́jú ẹsẹ̀, Bàbá. Ọjọ́ tí mo bá kú lóòótọ́, ẹ má mú nǹkan kan wá mọ́."

Bàbá mu wáìnì òkú tí mo bù fún un tán. "Ó dáa. Mo ti ṣe òkú rẹ nìyẹn."

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ṣe gbà. Owó náà tó, wọ́n sì ti ṣe iṣẹ́ abẹ. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ti ná owó òkú ara rẹ̀ tán báyìí. Bó bá tún já bọ́, ta ni yóò wá? Asen pàápàá ti ya fọ́tò tirẹ̀ sílẹ̀ fún ìkéde òkú. Eyín ló ń dùn ún. Dilyana ọmọbìnrin mi tó ń fọ ilé onílé ní Spéìn kò ní ìdójútòfò bákan náà, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n lọ́hùn-ún tí yóò mú òdòdó wá. Mo sọ fún Rumen pé òjò ò bẹ́nì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Ó ní ìdí nìyẹn tí òun fi ń kan òrùlé.

Bá mi bi ọkọ rẹ, òun tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìdójútòfò, bóyá ẹni tí kò ní ọ̀gá gidi lè máa fọwọ́ ara rẹ̀ san án. Bá mi kí i, bá mi kí àwọn ọmọ. Ìparí oṣù yìí ni dókítà yóò tú ohun tí wọ́n fi di ẹsẹ̀ Rumen, Asen sì ti gbé àkàbà wá síwájú ilé wa. Jọ̀wọ́, tètè kọ̀wé sí mi, kí èsì rẹ lè ṣáájú àkàbà.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀,
Penka.