Kọfí Tí Mo Mu Nílé Olegário

Ọjọ́ Ajé, 10 Okúdù
A dé oko Olegário láàárọ̀ — èmi, Nivaldo tá a jọ ń ṣiṣẹ́, ọlọ́pàá méjì. Ìjọba ló rán wa: ká wò ó bóyá wọ́n ń fipá mú èèyàn ṣiṣẹ́. Ẹlẹ́rìn-ín (orúkọ tí mo sọ Olegário nìyẹn, eyín rẹ̀ kì í wọlé) gbé kọfí wá bá wa lọ́dẹ̀dẹ̀. Mo mu. Ní ìpínlẹ̀ Minas níbí, ta ní í kọ kọfí onílé? Ìyá mi ì bá gbá mi létí.

Lẹ́yìn náà la lọ bá àwọn tó ń ká kọfí. Kò sí wàhálà, wọ́n ní. Gbogbo wọn, ohùn kan náà. Ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń sùn, omi tí wọ́n sì ń mu, màlúù ò ní mu ún.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Okúdù
Inú ń bí mi. Irọ́ ni wọ́n ń pa fún mi, n ò sì mọ ìdí.

Ọjọ́rú, 12 Okúdù
Mo ti mọ̀ ọ́n. Mo bá Erotildes, ìyá tó ń dáná fún wọn, níbi tó ti ń fọ ìkòkò lódò. Kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní gbogbo àwọn ló rí wa tí à ń mu kọfí lọ́dẹ̀dẹ̀ Olegário. "Bẹ́nu bá jẹ, ojú a tì, ọmọ mi. Kí la tún fẹ́ bá yín sọ?"
Ojú tì mí wọnú egungun.

Ọjọ́bọ̀, 13 Okúdù
Ẹlẹ́rìn-ín tún ní kí wọ́n gbé kọfí wá, inú oko gan-an. Mo dúró níwájú gbogbo wọn, mo ní, "Ọ̀gá, ẹ gbé kọfí yín padà. A ò ní fẹnu kan nǹkan yín mọ́." Eyín rẹ̀ wọlé! Ẹnì kan rẹ́rìn-ín láàárín igi kọfí.

Erotildes bá gbé ṣíbí sílẹ̀, ó là á mọ́lẹ̀. Ológbò — bí a ṣe ń pe àwọn tó ń kó òṣìṣẹ́ wá — gba ìwé ìdánimọ̀ wọn nínú bọ́ọ̀sì. Oníbọn ń ṣọ́ géètì. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lọ títí ìkórè á fi parí. Ó ní, "Ológbò yẹn, ọkọ ọmọ mi ni."
Àwọn yòókù wá ń sọ tiwọn. Kí ọlọ́pàá tó wá Ológbò kàn, ó ti sá lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 Okúdù
Àwọn òṣìṣẹ́ gba ìwé wọn padà, bọ́ọ̀sì gbé wọn lọ sílé. Mo sunkún. Nivaldo ṣe bí ẹni tí kò rí mi.

Ọjọ́ Ajé, 24 Okúdù
Ilé iṣẹ́ tó ń kó kọfí Ẹlẹ́rìn-ín lọ sókè òkun ti ní àwọn ò rà á mọ́. Ẹlẹ́rìn-ín fi ẹjọ́ mi sun ọ̀gá wa: mo kọ kọfí òun, n ò lẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí. Àní mo ń yangàn, iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe, mo sì mọ̀ ọ́n ṣe!
Àmọ́ wọ́n ní Lucineide, ọmọ Erotildes tó jẹ́ ìyàwó Ológbò, ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ìyá rẹ̀. Ó ní ìyá òun ló tú ilé òun ká. Mo fi nọ́ńbà mi ránṣẹ́ sí i.

Ọjọ́rú, 3 Agẹmọ
Lucineide pè mí. Mo ti múra èébú sílẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, ọkọ mi tún ti kó àwọn míì lọ. Àbúrò mi wà nínú wọn. Mo mọ oko náà." Mo bi í léèrè bóyá ó mọ ohun tó ń sọ. Ó ní òun mọ̀ ọ́n. "Màmá mi ló jókòó tì mí yìí. Ẹ wá mú ọkọ mi."